Fífò Mẹ́tàdínlógójì

"Ẹ dá a dúró níbẹ̀, Bọ̀ọ̀dá Reuben," ni Hàmdálàt wí.

Reuben tẹ ẹ̀rọ, ojú Bàbá Àrẹ̀mú sì dúró gbagidi nínú tẹlifíṣọ̀n. Ṣọ́ọ̀bù Reuben ní Agége ni wọ́n wà, níbi tó ti máa ń to fídíò ìgbéyàwó àti ti ìsọmọlórúkọ pọ̀ fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti gba ìsinmi ni Hàmdálàt ti ń wá síbẹ̀. Òun ni alága ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn iléèwé wọn, òun ló sì dá a lábàá pé kí wọ́n ṣe fídíò ìtàn òótọ́ kan fún àjọ̀dún iléèwé lọ́dún 1990 yìí.

Ìtàn Kọ́nẹ́ẹ̀lì Bọ́dúndé ni. Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, òun ni ìjọba ológun fi ṣe alábòójútó ìjọba ìbílẹ̀ wọn, kò sì sí ẹni tí kì í sá tó bá rí mọ́tò rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ètò ọrọ̀-ajé SAP ti ìjọba ti dé, tí apá ò ká owó gaàrí mọ́, ohùn àwọn èèyàn ti yí padà. "Nígbà ti Bọ́dúndé, gọ́tà mọ́," ni wọ́n ń wí káàkiri. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń bí Hàmdálàt nínú. Ó fẹ́ kí àwọn èèyàn tún ọkùnrin náà wò dáadáa, ó sì gbà pé ẹ̀rín ni yóò jẹ́ kí wọ́n jókòó wò ó. Ó kó àwọn ọmọkùnrin kíláàsì rẹ̀ jọ, ó dé wọn ní fìlà ológun tó bò wọ́n lójú, ó ní kí wọ́n máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ gẹ́gẹ́ bí ìyà tí Bọ́dúndé fi ń jẹ àwọn èèyàn. Bí wọ́n bá ti fò, Reuben a fi ìró fèrè mọ́tò sí i: póò! Àwọn méjèèjì ti rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wọ́n.

Ìgbà náà ni wọ́n kan Bàbá Àrẹ̀mú, aládùúgbò Hàmdálàt. Bàbá kò bá ẹnikẹ́ni ṣàwàdà nínú fídíò náà.

"Sátidé ìmọ́tótó ni, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ rìn lójú títì," ni wọ́n wí níbẹ̀. "Mò ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ òru, ní ilé-iṣẹ́ aṣọ kan ní Ọ̀gbà. Bọ́dúndé dá mi dúró níwájú ilé mi. Mo fi káàdì iṣẹ́ hàn án, kò wò ó. Ó ní kí n máa fò, kí n sì máa kà á sókè. Ìyàwó mi ń gbálẹ̀ lọ́wọ́, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ wa wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń pàtẹ́wọ́. Ó rò pé mò ń bá òun ṣeré." Ọjọ́ náà ni orúnkún wọn bàjẹ́, ẹni tí kò sì lè dúró nídìí ẹ̀rọ kò ní iṣẹ́ mọ́.

Reuben họrí. "Hàmdá, fídíò yìí dùn gan-an. Àmọ́ tó bá dé ibí, gbogbo ilé á pa lọ́lọ́. Ta ló máa tún rẹ́rìn-ín lẹ́yìn èyí?"

Inú Hàmdálàt ṣe méjì. Ó ronú kan gbọ̀ngán tó ń hó, ó ronú kan orúkọ rẹ̀ lẹ́nu gbogbo èèyàn.

"Ẹ yọ ọ́," ló wí.

"Kásẹ́ẹ̀tì tí a fi gbà á ńkọ́? Ó ti wọ́n lọ́jà."

"Ẹ gba nǹkan mìíràn lé e."

Nígbà tí ọjọ́ àjọ̀dún pé, gbọ̀ngán hó lóòótọ́. Bàbá Àrẹ̀mú wá, wọ́n fi ọ̀pá tilẹ̀, wọ́n wọ agbádá tí wọ́n fi ń lọ kírun ọdún. Bọ́dúndé náà wá, torí iléèwé pè é. Hàmdálàt rò pé ojú yóò tì í. Ojú kankan ò ti ọkùnrin náà! Òun ló rẹ́rìn-ín jù, tó ń fi áńkáṣíìfù nu ojú. Nígbà tí fídíò parí, ó dìde.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí!" ló kígbe. "Mo le lóòótọ́. Àmọ́ gọ́tà mọ́ àbí kò mọ́?"

"Ó mọ́!" ni gbogbo gbọ̀ngán dáhùn.

"Àṣé ọlọ́yàyà èèyàn ni," ni obìnrin kan wí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Hàmdálàt.

Ní ẹ̀yìn gbọ̀ngán, Bàbá Àrẹ̀mú ṣì jókòó, wọ́n ń wo tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ti pa. Bàbá bi ọmọ tó wà nítòsí wọn pé, "Ṣé ó ti parí ni?"

Bọ́dúndé tọrọ fídíò náà lọ́wọ́ ọ̀gá iléèwé, wọ́n sì fún un. Lẹ́yìn oṣù kan, Hàmdálàt dé Abúlé Ẹ̀gbá, ó bá èrò níwájú ọkọ̀ kan. Tẹlifíṣọ̀n wà lórí ọkọ̀ náà, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo, àwòrán Bọ́dúndé wà lára ọkọ̀ náà: ó ń díje fún ipò alága ìjọba ìbílẹ̀. Fídíò Hàmdálàt ni wọ́n ń fi hàn. Póò! Èrò ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pè é ní bàbá wa. Inú bí Hàmdálàt débi pé ó fẹ́ fa wáyà jẹnẹrétọ̀ náà já. Iṣẹ́ ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ni!

Ó sáré lọ bá Reuben. Reuben wá kásẹ́ẹ̀tì náà rí, ó fi sínú ẹ̀rọ. Ìyàwó tuntun kan ń gé kéèkì níbi tí ojú Bàbá Àrẹ̀mú wà tẹ́lẹ̀.

"Ìwọ lo ní kí n gba nǹkan mìíràn lé e," ni Reuben wí.

Ó wá ku ilé Bàbá Àrẹ̀mú nìkan. Hàmdálàt kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ tún un sọ fún mi. Mo máa fi hàn kí ìbò tó dé."

"Ó ti rẹ̀ mí, ọmọ mi. Ọdún mẹ́fà ni mi ò fi lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni kí o tó dé."

"Ẹ má bínú. Mo fẹ́ kí àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín ni."

Bàbá wo Àbẹ̀kẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá lórí ẹní. "Àbẹ̀kẹ́ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, kò mọ nǹkan kan. Ìwọ mọ̀."

Hàmdálàt sunkún. Nígbà tó ṣe, ó mú ìwé àti bírò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tó rántí, ó sì ń kà á sí wọn létí: ilé-iṣẹ́ aṣọ, káàdì, ìgbálẹ̀.

"Ó ní kí Bàbá fò ní ogún ìgbà," ló kà.

"Mẹ́tàdínlógójì ni," ni Bàbá wí. "Èmi ni mo kà á."

Hàmdálàt pa ogún rẹ́, ó kọ mẹ́tàdínlógójì. Ó ka ìwé náà níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, àwọn kan sọkún, àwọn kan ń ké póò. Bọ́dúndé wọlé ìbò náà. Láti ìgbà náà ni Hàmdálàt ti mọ̀ pé kò sí ohun tó burú nínú kí á fi aláṣẹ ṣe ẹlẹ́yà, ṣùgbọ́n tí a bá yọ ẹni tí wọ́n jẹ níyà kúrò nínú ẹ̀rín náà, ẹni tó jẹ ẹ́ níyà ni à ń bá rẹ́rìn-ín.