Ẹni Tó Dúró Jẹ́ẹ́ ní Èbúté

Nínú gbogbo fọ́tò tí Loukis ọkọ mi yà, kì í sí èèyàn kankan ní èbúté Ermoupoli, ìlú wa létí òkun. Bẹ́ẹ̀ èrò a máa wọ́ níbẹ̀ láàárọ̀: alábàárù, àwọn tó ń ru èédú, àwọn tó ń kan ọkọ̀. Ẹ̀rọ fọ́tò ayé ìgbà náà kì í tètè rí nǹkan. Ẹni tó bá mira níwájú rẹ̀ kò ní bá ara rẹ̀ lórí dígí tí fọ́tò máa ń hàn sí. Òfìfo yẹn kì í jẹ́ kí ara mi balẹ̀.

Ìdí nìyí tí àyà mi fi já lọ́jọ́ tí mo ń fi omi ṣan dígí kan, tí mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan létí omi, tó dúró gbọnin. Zanis ni, ọmọ obìnrin tó ń gbé òdìkejì ilé wa; ọkọ̀ Zanis ti rì sókun nígbà òtútù. Àlùfáà ní ọkàn rẹ̀ kò ní sinmi bí wọn kò bá se àlìkámà òkú, tí ará àdúgbò máa ń jẹ fi ṣèrántí olóògbé, fún un. Ìyá rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ẹni ọmọ sin ló bímọ. Òun kò tiẹ̀ rí òkú sin.

Mo ránṣẹ́ pè é. Ó sáré dé, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

“Mo sọ fún wọn! Àlùfáà onírùngbọ̀n ewúrẹ́ yẹn ní kí n se àlìkámà fún ọmọ mi láàyè!”

“Màmá, ẹ jókòó ná,” ni Loukis wí jẹ́jẹ́. Ó fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan tó ń tòògbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Zanis nínú fọ́tò náà hàn án. Orí ẹranko náà ti di kùrukùru. “Mímí lásán ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ẹ wá wo ojú Zanis.”

Ó wò ó. Irun ìpéǹpéjú rẹ̀ ṣeé kà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

“Kò mí?”

Mo fa àga mi sún mọ́ ọn.

“Anezina,” ó pè mí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. “Tí mo bá se àlìkámà náà, ṣé á lọ?”

“Á sinmi ni, Màmá.”

Ó se é lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó bu ṣúgà lé e, gbogbo àdúgbò jẹ níbẹ̀. Nígbà tí Loukis tún ya èbúté, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ mọ́. Ìyá Zanis fi ìka wá gbogbo igun dígí náà.

“Ẹ̀yin lẹ ní kí n lé e lọ,” ó wí. Kò tilẹ̀ bínú. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dọ́kàn.

Ó bẹ̀ wá pé ká ya òun níbi tí ọmọ rẹ̀ dúró sí. A gbà fún un. Ó gbìyànjú láti dúró jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n ẹkún ń gbọ̀n ọ́n tìtì, mo sì ti mọ̀ pé kò ní jáde. Lóòótọ́, kùrukùru ni lórí dígí láti orí dé ẹsẹ̀.

Èjìká rẹ̀ ọ̀tún nìkan ló mọ́ kedere. Aṣọ dúdú rẹ̀ rún níbẹ̀, bí aṣọ ṣe máa ń rún nígbà tí ọwọ́ bá dì í mú.