Àpò Tí Ẹnikẹ́ni Kò Tú

"Mẹ́tàdínlógún nínú ogún!" Ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Agbẹjọ́rò na ìwé ìwádìí rẹ̀ sókè níwájú kíláàsì. "Ogún ọmọ ni wọ́n ká ohun olóhun mọ́ lọ́wọ́ ní sáà yìí. Mẹ́tàdínlógún ló wá láti abẹ́ afárá. Ẹ̀rí rèé!"

Kíláàsì hó yèè. Ọmọ télọ̀, tí òun àti Agbẹjọ́rò jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan, dìde. Abẹ́ afárá ni ilé wọn.

"Ta ló tú àpò tìẹ wò rí?"

"Jókòó, olè!" ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn.

Agbẹjọ́rò mọ ìdáhùn. Láràárọ̀, àwọn ọmọ abẹ́ afárá nìkan ni ọdẹ ẹnu géètì ń dá dúró láti tú àpò wọn. Àwọn yòókù á kí i, wọ́n á wọlé. Àmọ́ ẹ̀bùn tí ilé ìwé fẹ́ fún ẹni tí ìwádìí rẹ̀ bá dára jù ti wọ̀ ọ́ lójú.

"Ìwé tí ọdẹ ń kọ orúkọ olè sí ló sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi."

Ní ọjọ́ kẹta, ọ̀gá àgbà lẹ ìkéde mọ́ ilẹ̀kùn yàrá ìkàwé nítorí ìwádìí náà: ọmọ abẹ́ afárá kankan kò gbọdọ̀ wọlé mọ́. Ìdánwò sì ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ télọ̀ kó ẹrù rẹ̀ kúrò lórí bẹ́ǹṣì.

"Ahọ́n rẹ mú ju àlùmọ́gàjí ìyá mi lọ. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà!"

Lálẹ́ ọjọ́ náà, àdúrà kò gba ẹnu Agbẹjọ́rò jáde. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lọ bá ọ̀gá àgbà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ní kí wọ́n tú àpò gbogbo wa. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí tèmi."

"Ṣé irọ́ lo pa fún wa ni?"

"Iye yẹn kì í ṣe irọ́, sà. Òṣùwọ̀n mi ló wọ́: àpò àwọn ọmọ abẹ́ afárá nìkan ni ọdẹ ń tú."

Ọ̀gá àgbà gbà, ó ránṣẹ́ pe ọdẹ. Ọdẹ ti ọwọ́ bọ inú àpò Agbẹjọ́rò, ó sì fa ìwé tirẹ̀ fúnra rẹ̀ yọ, ìwé orúkọ olè tó ti ń wá láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

"Àṣé ìwọ lo yọ́ wọ yàrá mi!"

Àpò ẹni mọ́kànlá ni wọ́n ti bá ohun olóhun láàárọ̀ ọjọ́ náà. Méjì péré ló wá láti abẹ́ afárá. Ẹni tó kígbe "olè" wà nínú àwọn mẹ́sàn-án yòókù.

Wọ́n ya ìkéde náà, ẹ̀bùn sì bọ́ lọ́wọ́ Agbẹjọ́rò. Orúkọ Agbẹjọ́rò ló di ìkọkànlélógún nínú ìwé tó jí. Ọmọ télọ̀ padà sí yàrá ìkàwé, àmọ́ kò padà sórí bẹ́ǹṣì Agbẹjọ́rò mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ, kí ẹ tó gba iye kan gbọ́, ẹ bi í léèrè: ta ni wọ́n kà, ta ni wọ́n fò dá? Ìdajì òtítọ́ lè ba ọmọlàkejì jẹ́, kó sì gba ọ̀rẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó sọ ọ́.