Ẹsẹ̀ Rupohi Lórí Ọparun

Àárọ̀ Ọjọ́rú tí a bẹ̀rẹ̀ ọdún Bisu ni. Mo ń sẹ́ sujen, ọtí ìrẹsì wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, àfi bí mo ṣe rí i pé ẹnì kan wà lẹ́yìn mi. Ìyá arúgbó kan ni. Mi ò gbọ́ ìgbà tó gun àkàbà, mi ò sì gbọ́ ìgbà tó wọlé. Ilẹ̀ ilé wa, ọparun lílà tí a tẹ́ sórí òpó, kì í bo àṣírí ẹnikẹ́ni. Bí ológbò bá kọjá, á dún. Bí Tuniram ọkọ mi bá yọ́ lọ bu ọtí, á dún, èmi á sì pe orúkọ rẹ̀ láti orí ẹní. Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ ilé náà dákẹ́ rọ́rọ́.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá. Ibo lẹ ti ń bọ̀?"

"Sadiya, ilẹ̀ àwọn baba ńlá wa." Ó jókòó. "Odò ti gbé ilé wa níbẹ̀. Ó ti pẹ́."

Ahá méjì wà níwájú ààrò, ti Gira àti ti Girasi, àwọn òrìṣà wa, bàbá àgbà àti ìyá àgbà gbogbo wa. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fẹnu kan ọtí kí a tó fi fún wọn. Ìyá náà na ọwọ́, ó gbé ti Girasi, ó mu ún tán. Ẹ̀rù bà mí.

Ó wá wo Rupohi, ọmọ mi, lórí ẹní. "Èyí ò rìn?"

Omi bọ́ lójú mi. Ọmọ ọdún mẹ́rin tó ń lé adìyẹ kiri tẹ́lẹ̀ ni. Odò jẹ ilé wa àtijọ́, a kọ́ tuntun, láti ọjọ́ tí a sì ti wọ inú rẹ̀, oṣù mẹ́ta gbáko, kò dìde mọ́. Dókítà ní kò sí nǹkan tó ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé bí yóò ṣe wà nìyẹn títí ayé.

"Òpó kẹta láti ẹnu ọ̀nà," ni ìyá náà sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Orí igi rẹ̀ lẹ rì mọ́lẹ̀. Báwo lọmọ ṣe máa nàró nínú ilé tó dorí kodò?"

Tuniram, tó ń gbọ́ wa láti orí ẹní rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. Láàárín wa, ọmọdé pàápàá mọ̀ pé ìdí igi ló ń wọlẹ̀. "Ìyá, ẹ má bínú o. Ilé kẹrin tí mo kọ́ rèé. Àbí sujen ìyàwó mi ti ń ṣiṣẹ́ ni?"

"Bàbá Rupohi," mo ní, "ṣé kì í ṣe inú òjò lo ri òpó yẹn, tí odò ń lé ẹ bọ̀?"

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó mú ọkọ́, ó sọ̀ kalẹ̀. Mo gbọ́ tó ń walẹ̀, lẹ́yìn náà ó pè mí.

"Ìyá Rupohi. Wá wò ó."

Orí igi náà ló wà nínú ilẹ̀ lóòótọ́. Ó ti ta gbòǹgbò, funfun, tẹ́ẹ́rẹ́. Dípò kí wọ́n rìn sísàlẹ̀, òkè ni gbogbo wọn kọjú sí, wọ́n ti ń gun ara òpó náà bọ̀, lọ síbi tí ẹní ọmọ mi wà lókè. Tuniram gé wọn. A fi igi mìíràn gbé ilé dúró, a yí òpó náà padà.

Nígbà tí mo gòkè, ìyá náà ti gbé ẹsẹ̀ méjèèjì Rupohi sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí ra á.

"Ó yá, dìde, ìyá mi," ó ní.

Rupohi dìde. Ó rìn wá bá mi! Mo wólẹ̀, mò ń dúpẹ́, mò ń sunkún. Ìyá náà kọjá lára mi síta, ilẹ̀ sì ń dún lábẹ́ rẹ̀, kẹ̀kẹ̀kẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹsẹ̀ ọmọdé. Ayọ̀ ò jẹ́ kí n kà á sí. Tuniram wà lẹ́sẹ̀ àkàbà, ó ní ẹnikẹ́ni ò sọ̀ kalẹ̀. Iyanrìn funfun ló wà níbi tí ìyá náà jókòó sí, bẹ́ẹ̀ ẹrẹ̀ dúdú ni etí odò tiwa.

Ó pé ọdún méjìlá báyìí. Rupohi ń pọnmi, ó ń hun aṣọ, bó bá ń jó ní Bisu, gbogbo abúlé ló ń wò ó. Mi ò ní dákẹ́ ọpẹ́ láé. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, ó gbé omi wọlé, mi ò mọ̀ títí ó fi gbé ìkòkò kalẹ̀ lẹ́yìn mi. Láti ọjọ́ tí ìyá náà lọ, ilẹ̀ ilé wa kò dún lábẹ́ ẹsẹ̀ Rupohi rí.

Nígbà mìíràn tó bá wà lódò, tí mo dá wà nídìí ààrò, mo máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́rin lórí ọparun, kẹ̀kẹ̀kẹ̀, tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Mo máa ń bu ọtí sínú ahá Girasi, màá gbé e kalẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Ìyá," ni mo máa ń sọ. N kì í bojú wẹ̀yìn.