Alùpùpù Ẹlẹ́nìkan àti Tìmùtìmù Pupa

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, bí ẹ bá gbọ́ tí ẹnì kan ń kọrin nínú àgbàlá wa, ẹ má wulẹ̀ béèrè ẹni tó jẹ́. Dókítà eyín ni, ó ń nu alùpùpù rẹ̀. Fèrèsé mi kọjú sí àgbàlá náà, nítorí náà ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló ṣe.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ òótọ́: alùpùpù náà rẹwà. Ó pupa fòò, imú rẹ̀ rí ṣóńṣó, ó sì ní ìyẹ́ kéékèèké méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ iwájú. Bí ẹ bá béèrè iṣẹ́ tí ìyẹ́ ń ṣe lára ohun tí kì í fò, ẹ ti ra ẹjọ́ nìyẹn.

"Kó má baà fò gan-an ni wọ́n ṣe fi síbẹ̀," ni dókítà yóò wí. "Bó bá ń sáré, atẹ́gùn á máa tẹ ìyẹ́ yìí mọ́lẹ̀, táyà iwájú ò sì ní gbéra."

Lẹ́yìn náà yóò fi ìka kan sálẹ́ńsà, páìpù èéfín tó gba abẹ́ ìrù rẹ̀ jáde. "Ẹ wo irin yìí. Òun náà ni mo fi ń gbin eyín sí yín lẹ́nu. Ó le, kò wúwo, kì í dógùn-ún."

Ìyàwó rẹ̀ ń rán àga ní tirẹ̀. Bí àga yín bá ya, tí fóòmù inú rẹ̀ ti rì, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni kí ẹ gbé e lọ. Òun ló sọ alùpùpù náà ní "ìyàwó kékeré".

"Ìyàwó kékeré ti wẹ̀ tán?" ló máa ń béèrè láti ẹnu ilẹ̀kùn.

"Ó kù díẹ̀."

"Èmi ìyáálé ńkọ́? Ta ni yóò wẹ̀ mí?"

Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ̀rín obìnrin náà kò dénú. Ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi, ọkọ rẹ̀ á gun alùpùpù jáde, á padà wálé tí ojú rẹ̀ ń tàn, òun á sì ti jókòó sílé látàárọ̀. Ó fẹ́ wà níbi tí ayọ̀ ọkọ rẹ̀ wà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ló bá rán tìmùtìmù.

Kì í ṣe tìmùtìmù yẹpẹrẹ o. Awọ gidi ni, pupa bíi ti alùpùpù náà, ó fi òwú funfun rán etí rẹ̀, ó sì fi bẹ́líìtì sí i lọ́tùn-ún lósì. Ní Sátidé kan, ó gbé e lé ìrù alùpùpù náà, ó fa bẹ́líìtì rẹ̀, ó ṣe rẹ́gí.

"Olówó orí mi, ẹ wá wò ó! Èmi náà ti ní àyè báyìí. Ẹ gbé mi lọ sétí odò lónìí."

Dókítà wò ó, ó tún un wò. Ẹni tó ta alùpùpù fún un ti sọ ọ́ kedere pé ẹnì kan ṣoṣo ló wà fún. Ṣùgbọ́n inú ìyàwó rẹ̀ ń dùn. Ọkùnrin tó ń fa eyín ẹlẹ́yín yọ láìṣẹ́jú, kò lè fa "rárá" yọ lẹ́nu ara rẹ̀.

"Ó dára gan-an," ló wí nígbẹ̀yìn. "A ó rọra lọ."

Ó tan ẹ́ńjìnnì kó lè gbóná díẹ̀, àwọn méjèèjì sì wọlé lọ wá àṣíborí kejì. Ìgbà yẹn ni àbúrò dókítà wọ àgbàlá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa kọ́ àwọn tó ń gun alùpùpù ní pápá ìdíje tó wà lẹ́yìn ìlú. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ga, nítorí náà ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ń pè é ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ fa imú. "Bùọ̀dá mi! Kí ló ń jó níbí?"

Èmi pàápàá ti ń gbóòórùn rẹ̀ lójú fèrèsé mi lókè. Èéfín ń rú lábẹ́ tìmùtìmù. Dókítà sáré jáde, ó pa ẹ́ńjìnnì. Ìyàwó rẹ̀ tú bẹ́líìtì. Abẹ́ awọ náà ti ká kò, fóòmù rẹ̀ sì ti dúdú.

"Háà! Iṣẹ́ ọwọ́ mi!"

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyàwó wa," ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí. "Ọpẹ́ ni pé ẹ ò tíì jókòó lé e."

"Àmọ́ kò yé mi. Máṣíìnì tó wọ́n tó báyìí? Èyí tí wọ́n fi ń pín lẹ́tà kiri pàápàá ń gbé èèyàn méjì."

"Wọ́n ṣe ìyẹn fún ẹrù ni. Eléyìí, ohunkóhun tí kò bá ràn án lọ́wọ́ láti sáré, wọ́n ti yọ ọ́ dànù. Ẹ gbé ẹsẹ̀ yín sókè bí ẹni tó ti jókòó. Ibo lẹ máa gbé e lé?"

Ìyàwó dókítà wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò síbì kankan. "N óò ká a sókè."

"Sórí sálẹ́ńsà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jó fóòmù yẹn?"

Obìnrin náà wo fóòmù dúdú náà.

"Ibo lẹ máa dì mú?"

"Ìbàdí ọkọ mi."

"Ọkọ yín á ti dọ̀bálẹ̀ sórí táǹkì. Bó bá fún un níná díẹ̀, ẹ̀yin á máa lọ sẹ́yìn. Bó bá sì tẹ bíréèkì, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ dé etí odò."

Obìnrin náà kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Ṣé ẹ mọ̀ pé bó ṣe rí nìyí?"

"Mo mọ̀."

"Ẹ wá fẹ́ gbé mi?"

"Mi ò fẹ́ kí inú rẹ bàjẹ́ ni."

"Kí inú mi má bàjẹ́, kí orí mi wá fọ́?"

Dókítà eyín sọ ojú sílẹ̀. "Má bínú. Ó yẹ kí n ti sọ fún ẹ."

"Kì í ṣe tìtorí máṣíìnì," ni ìyàwó rẹ̀ wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Mo kàn fẹ́ máa bá yín lọ ni."

"Ẹ máa bá wọn lọ nígbà náà," ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ dáhùn, "àmọ́ ibi tí wọ́n ṣe é fún ni kẹ́ ẹ jọ lọ. Bùọ̀dá mi, ọ̀rọ̀ kan yín náà o. Táyà pápá lẹ fi ń rin títì kiri yìí. Bó bá tutù, bí ọṣẹ ló ṣe ń yọ̀. Ẹ pààrọ̀ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó tún gùn ún lórí títì."

Dókítà gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n fi ọkọ̀ gbé alùpùpù náà lọ sí pápá, èmi náà sì tẹ̀lé wọn. Ohun tí a kọ́kọ́ rí ni aṣọ ìbora tí wọ́n wé mọ́ táyà, tí wáyà iná wà lára rẹ̀.

"Aṣọ ìbora? Fún táyà?" ni ìyàwó dókítà kígbe.

"Gọ́ọ̀mù rẹ̀ rọ̀ gan-an," ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ṣàlàyé. "Bó bá gbóná, á di ilẹ̀ mú ṣinṣin. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró tì í, kó tú aṣọ náà gẹ́lẹ́ tí ọkọ yín bá fẹ́ gbéra."

Aránṣọ àga fọwọ́ kan etí aṣọ náà. "Ta ló rán rádaràda yìí? Ẹ bùn mí láyè. Èmi ni n óò máa tú u."

Ó yẹ ẹ̀wù awọ ọkọ rẹ̀ wò láti ọrùn dé ẹsẹ̀, ó fa síìpù rẹ̀ sókè. "Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde," ló wí. Ó tú aṣọ táyà, ó sún sẹ́yìn, dókítà sì lọ.

Ara mi bù máṣọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì yẹn ké. Alùpùpù náà ń dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní kọ́nà títí orúnkún dókítà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀, kò sì yẹsẹ̀. Mo ti ń rí i tó dúró sójú kan nínú àgbàlá, mi ò mọ̀ pé bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Ó dùn mọ́ mi.

Nígbà tí dókítà yọ àṣíborí, ojú rẹ̀ ń tàn. Lọ́tẹ̀ yìí, ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀ tó rí i. Orí àga oníke ló jókòó sí, lórí tìmùtìmù pupa, ó ti fi awọ dúdú lẹ ibi tó jó.

"Ṣé o rí mi ní kọ́nà tó kẹ́yìn?"

"Mo rí yín. Ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún yín ga jù. Ẹ padà lọ tún un ṣe."

Mo bi í léèrè bí òun àti ìyàwó kékeré ṣe wá ń ṣe sí báyìí.

"Kò láyè fún mi lẹ́yìn," ló dáhùn, "àmọ́ kò lè jáde àfi bí mo bá bọ́ aṣọ lára ẹ̀."

Ẹ̀yin tí ẹ ń gun alùpùpù, àti ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn wọn, ẹ gbọ́. Èyí tí wọn kò bá ṣe ìjókòó àti ibi ìgbẹ́sẹ̀lé sí fún ẹnì kejì, ẹ má gbé ẹnì kejì sí i, ibi tí ẹ ń lọ ìbáà má jìnnà. Ẹ má so ohunkóhun mọ́ ibi tí sálẹ́ńsà wà. Táyà títì ni kí ẹ fi rin títì, kí táyà pápá dúró ní pápá. Bó bá ń wù yín láti sáré, ẹ lọ síbi tí olùkọ́ wà, tí ẹnikẹ́ni kò ti ní sọdá níwájú yín, kí ẹ sì wọ àṣíborí, ẹ̀wù awọ, ìbọ̀wọ́ àti bàtà. Ẹni tí ẹ bá fẹ́ràn, ẹ sọ òótọ́ fún un kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì. Bó bá sì rán tìmùtìmù fún yín, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ gbé e sórí àga.