Òṣùká Àṣàkẹ́

Agbọ̀n iṣu ń bẹ lórí Àṣàkẹ́, òógùn ń ro tótó ní àgbọ̀n rẹ̀, ó ń gun òkè oko bọ̀ wá sí Ìtàjí. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí Láyí, àbúrò ọkọ rẹ̀, ti sùn tí kò jí mọ́. Láti ọjọ́ náà ni òwìwí ti ń ké lórí páànù ilé wọn, tí gbogbo àdúgbò sì ń fi ojú burúkú wo Dúródọlá, ìyàwó kékeré. Òun ló ń bọ̀ lẹ́yìn yìí, àdá nìkan ló mú dání.

"Ìyáálé mi, ẹ jẹ́ kí n gbà yín díẹ̀."

"Kí ìwọ lè rù ú wọlé? Rárá o!"

Nínú ilé Dáramọ́lá ọkọ wọn, ìyàwó tó bá ru iṣu wọlé ló ń se oúnjẹ ọkọ lálẹ́ ọjọ́ náà. Láti ọdún mọ́kànlá tí Dúródọlá ti wọlé, Àṣàkẹ́ kò jẹ́ kí ó ru ẹyọ iṣu kan rí. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ọrùn ti ń ro Àṣàkẹ́. Ó ní ẹyẹ orogún òun ló ń bà lé e.

Lójijì, ọrùn náà dún kà. Apá ọ̀tún rẹ̀ kú, kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Agbọ̀n já lulẹ̀, iṣu tú ká.

"Ó ti ṣe é! Àjẹ́! Láyí tí o jẹ, kò tíì yó ọ ni?"

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Dáramọ́lá ti dá ẹjọ́. "Dúródọlá, ọ̀la ni o ó padà sí ulé bàbá rẹ ní Àsin."

Dúródọlá kò sunkún, ó dá ọkọ wọn lóhùn. "Mo gbọ́, Bàbá Olúdáre. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ìyáálé mi dé ọsibítù. Ta ló rí àjẹ́ tó ń gbé ẹran ẹnu rẹ̀ lọ fún dókítà?"

Ní ọsibítù Ìkọ̀lé, wọ́n ya fọ́tò egungun ọrùn. Nọ́ọ̀sì Ọmọ́bọ́lá gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀.

"Màmá, ẹ wò ó. Ohun rírọ̀ tó wà láàrin àwọn eegun yìí ti jẹ tán. Eegun ń ha eegun, ó sì ti yọ ṣóńṣó tó ń tẹ iṣan tó lọ sí apá yín. Ọjọ́ orí wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹrù ló bà á jẹ́ jù. Ṣé kò sí ẹni tó lè bá yín rù ú ni?"

Kí Àṣàkẹ́ tó lè wo orogún rẹ̀, gbogbo ara ló fi yí.

"Láyí ńkọ́?" ló wá bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Àbúrò ọkọ yín? Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru gan-an. Oṣù mẹ́fà gbáko ni kò wá gba oògùn níbí."

Nọ́ọ̀sì fi kọ́là rírọ̀ tó ń gbé ọrùn ró sí i lọ́rùn. Ó ní kí ó máa lo oògùn lẹ́yìn oúnjẹ, kí ìrọ̀rí rẹ̀ má ga, kí ó máa fi táwẹ́lì gbígbóná jó ọrùn, kí ó sì máa rọra yí i díẹ̀díẹ̀. Ẹrù orí ti parí.

Nígbà tí wọ́n délé, àpótí Dúródọlá ti wà níta.

"Ta ló gbé èyí síta?" Àṣàkẹ́ kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Ẹ gbé e wọlé. Ẹrù ló jẹ mí lọ́rùn, kì í ṣe èèyàn. Èmi ni mi ò sì jẹ́ kí ó rù ú."

Ó mú òṣùká rẹ̀, ó tì í bọ iná abẹ́ ìkòkò omi. Nígbà tí omi gbóná, Dúródọlá ri táwẹ́lì bọ̀ ọ́, ó fún omi rẹ̀ dànù, ó fi lé ìyáálé rẹ̀ lọ́rùn títí ó fi tutù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe é. Lẹ́yìn náà, ó nu ọwọ́, ó di báró tí wọ́n fi ń ti ẹrù mú, nítorí iṣu ṣì wà nílẹ̀ lójú ọ̀nà oko.

"Má rò pé ìwọ ni o ó sè é o!" Àṣàkẹ́ pariwo tẹ̀lé e.

"Ẹ kọ́kọ́ yí ọrùn wò mí ná," ni Dúródọlá wí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì ti báró lọ.