Ojú Kọ̀ǹpútà Mẹ́ta Tí N Kò Wò Parí

"Má fọwọ́ kàn án o," ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wí. "Jókòó, máa wò ó. Tó o bá fọwọ́ kàn án pẹ́nrẹ́n, ó di pé ká tún un bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

Iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà ni ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe. Ilé ìwòsàn kan ló gbé ojú kọ̀ǹpútà méjìlá fún un. Àléébù kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Nítorí àtidín iná kù, tí wọ́n bá wà fúngbà díẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn wọ́n, wọ́n á la ojú sílẹ̀, wọ́n á máa sùn. Àwòrán tó gbẹ̀yìn ni wọ́n á dì mú. Kọ̀ǹpútà á máa rán tuntun wá, wọn ò ní gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti kọ ìlà kan sínú ètò tó ń darí wọn, pé bó bá rí irú ojú yìí, kó má jẹ́ kó sùn. Ṣùgbọ́n orúkọ mìíràn ni àwọn kan nínú wọn ń sọ fún kọ̀ǹpútà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrísí wọn bára mu. Ìdí nìyẹn tí a fi ní láti fi aago tó ń hàn lójú ọ̀kọ̀ọ̀kan wé aago ara ògiri fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Èyí tí aago rẹ̀ bá dúró, ó ti sùn nìyẹn.

Mo wo mẹ́sàn-án. Ọ̀kan sùn, ẹ̀gbọ́n mi sì fi orúkọ rẹ̀ kún ìlà náà. Lẹ́yìn náà ló jáde lọ ra wáyà.

Kò pẹ́ tí ọmọ kíláàsì mi kan tí a ń pè ní Aláwàdà yọjú lójú fèrèsé. "Bọ́ọ̀lù kíláàsì wa ti bẹ̀rẹ̀. Kí lo ṣì ń wò?"

"Ó ku mẹ́ta."

"Mẹ́ta tí gbogbo wọn rí bákan náà? Àbí o fẹ́ fi ọ̀kan ṣe ọkọ nínú wọn ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo tan wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, aago wọn bá ti ara ògiri mu, mo sì fàmì sínú ìwé ẹ̀gbọ́n mi pé wọ́n dára. Ojú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn, kò sí bí aago rẹ̀ ò ṣe ní pé. Ìgbà tó bá pẹ́ ló tó ń sùn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì lọ wo bọ́ọ̀lù. Òmùgọ̀ gbáà ni mí.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún káfíńtà àdúgbò wa ní ilé ìwòsàn yẹn. Nọ́ọ̀sì wà nídìí tábìlì rẹ̀, ó ń fi ọ̀kan nínú ojú kọ̀ǹpútà mẹ́ta yẹn ṣọ́ èémí káfíńtà. Nọ́ńbà èémí tó ń hàn níbẹ̀ dára. Ìgbà tí kò yí padà rárá fún ìgbà pípẹ́ ni ara fu nọ́ọ̀sì, ló bá sáré lọ wo káfíńtà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ètè rẹ̀ ti dúdú. Wọ́n rí ẹ̀mí rẹ̀ gbà, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ ò padà sípò.

Ilé ìwòsàn gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ń ka ìlà tó kọ, kò jẹun, ó ń wá àṣìṣe nínú rẹ̀. "Ìwọ náà ṣáà wò wọ́n," ló ń wí ṣáá. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí, ẹ̀rù sì ń bà mí. Lọ́jọ́ kẹrin, mo kúnlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. N kò wo mẹ́ta tó gbẹ̀yìn."

Kò lù mí. Ó pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé. "Dìde. Ọ̀dọ̀ ìyàwó káfíńtà là ń lọ."

Ìyàwó náà gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó nu ojú rẹ̀. "Mo ti dárí jì ẹ́. Ṣùgbọ́n wọlé, kó o sọ ọ́ fún òun fúnra rẹ̀."

Orí bẹ́ẹ̀dì ni káfíńtà jókòó sí, òòlù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò ó fún un látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa, ó ń mi orí. Nígbà tí mo parí, ó na òòlù náà sí mi.

"Ọmọ mi, kí ni wọ́n ń fi èyí ṣe?"

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, iṣẹ́ tí ẹ kò ṣe, ẹ má fàmì sí i pé ẹ ti ṣe é. Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Wọ́n ti dárí jì mí, ṣùgbọ́n káfíńtà ò tíì mọ ohun tí wọ́n ń fi òòlù ṣe.