Ẹni Tó Lókùú Ní Í Wọlé

Bàtà rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí kí n tó rí ojú rẹ̀, nínú itẹ́ òkú ìlú wa, lọ́jọ́ Ìsinmi.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Nígbà náà, kò síbòmíràn tí mẹ̀kúnnù ti lè rí koríko tútù. Wọ́n gbin igi sórí òkè ibẹ̀, wọ́n gbẹ́ adágún odò sísàlẹ̀, wọ́n la ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ láàárín àwọn ibojì. Ibẹ̀ la ti ń ṣeré, tá a ti ń jẹun, táwọn ọ̀dọ́ ti ń wá ẹni tí wọn yóò fẹ́.

Ọmọge tó wọ bàtà náà ń tiro. Aránbàtà ni mí, n kò lè pa á mọ́ra.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàtà yẹn ń jẹ yín lẹ́sẹ̀."

"Ṣé bàtà ló sọ fún yín?"

"Òun náà ni. Ó ní kẹ́ ẹ jókòó."

Ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó. Bí ìfẹ́ ṣe wọlé nìyẹn.

Ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kó dá jáde, a sì ń pàdé lábẹ́ igi kan létí adágún. Ó ń pè mí ní Oníbàtà mi. Èmi ń pè é ní Àyànfẹ́. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀, oníṣòwò pákó, ní ilẹ̀ ìsìnkú lórí òkè, ó sì wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ibẹ̀. Ó gbọ́ nípa wa.

"Ọkùnrin tí kò níbi tí wọn yóò sin ín sí, ṣé òun ló fẹ́ gbé ọmọ mi níyàwó?"

Kò pẹ́ tí òfin jáde: àwọn èrò ń ba koríko jẹ́, nítorí náà, lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹni tó lókùú níbẹ̀ nìkan ni yóò gba káàdì wọlé. Gbogbo òkú tèmi wà lábúlé.

Mo wá ń dúró lẹ́yìn irin ọgbà.

"Má jẹ́ kó sú ẹ," ni Àyànfẹ́ máa ń wí láti inú ọgbà. "Màá dúró dè ẹ́."

Ìyá mi, tí ikọ́ ń bá fínra, rí bí mo ṣe ń rù.

"Fara balẹ̀, ọkọ mi. Bí mo bá kú, wàá ríbi gbà wọlé."

"Màámi, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Ṣé àwọn olówó nìkan ló ń sùn lábẹ́ igi ni?"

Ẹyin lohùn. Ikọ́ náà dá a dùbúlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, n kò sì lè kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí ó fi kú. Owó tí mo ń tù jọ fún ìgbéyàwó ni mo fi ra ilẹ̀ fún un, nísàlẹ̀, níbi tómi máa ń dúró sí. Wọ́n fún mi ní káàdì. Inú mi dùn, ojú sì tì mí pé inú mi dùn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo wọlé. Kò sẹ́nìkan lábẹ́ igi wa. Mo gòkè. Àyànfẹ́ wà níbẹ̀, bàtà tuntun lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ọkùnrin kan di ọwọ́ rẹ̀ mú. Bàbá rẹ̀ ń nawọ́ sí ilẹ̀, ó ń fi ilẹ̀ ìsìnkú tó pa mọ́ fún tọkọtìyàwó náà han ọkùnrin náà, àna rẹ̀.

Àyànfẹ́ rí mi, ó yà wá sọ́dọ̀ mi.

"Ẹ ò wá sídìí irin mọ́," ló wí jẹ́ẹ́. "Mo rò pé ó ti sú yín."

"Ìyá mi ni mò ń tọ́jú."

Ó wo aṣọ dúdú ọrùn mi. Ó kúnlẹ̀ lójú ọkọ rẹ̀.

"Ẹ kú àṣẹ̀yìndè."

Ọkọ rẹ̀ pè é. Ó dìde, ó lọ.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ jókòó ti ìyá mi, káàdì ṣì wà lọ́wọ́ mi.

"Màámi," mo ní, "wọ́n ti jẹ́ kí n wọlé."